Kí ló dé tí Spitfire tí mo yà sórí kọ̀ǹpútà fi ń jọ ohun ìṣeré ọmọdé?

Oníkálàmù:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ayàwòrán ẹlẹgbẹ́ mi. Ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lọ́kàn láti bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn, mo sì fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí i. Àwòrán ọkọ̀ òfurufú ogun kan ni mo ń fi Krita, ètò ìyàwòrán orí kọ̀ǹpútà, yà, Spitfire, irú èyí tí àwọn ọmọ ogun òfurufú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi jà ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1940, nígbà tí wọ́n ń lé àwọn ọkọ̀ òfurufú Jámánì kúrò ní sánmà gúúsù ilẹ̀ wọn. Mo fẹ́ tẹ̀ ẹ́ sórí bébà A2, nítorí náà mo ṣe ojú iṣẹ́ náà ní píksẹ́ẹ̀lì 7016 sí 4961, ìyẹn 300 sí ínǹṣì kan.

Ọkọ̀ náà ń bọ̀ wá sí ọ̀dọ̀ ẹni tó ń wò ó, ó tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan bí ẹni tó fẹ́ yà, abẹ́ apá rẹ̀ kan hàn díẹ̀, òkun sì wà nísàlẹ̀. Mo lo ọ̀pọ̀ wákàtí lórí ìlà páànù (ààlà àwọn irin pẹlẹbẹ tí wọ́n kàn pọ̀ ṣe ara ọkọ̀) àti ìṣó ara rẹ̀, kò sí ọ̀kan tí mo fò. Mo kun ọ̀já kan tó mọ́ bí ewé tó ti ṣá yí ìdí ìrù rẹ̀ ká, mo sì fi àwọ̀ kan náà kun imú rẹ̀. Mo jẹ́ kí ìlà funfun méjì máa tẹ̀lé e lẹ́yìn nínú òfurufú, bí a ti máa ń rí i nínú àwọn fọ́tò ogun náà. Síbẹ̀, nígbà tí mo bá sún sẹ́yìn tí mo wo gbogbo rẹ̀ pọ̀, ohun ìṣeré tí ọmọdé lè fi ọwọ́ kan gbé ni mo ń rí. Kò wúwo, kò sì dẹ́rù bani. Ẹnì kan tí mo fi hàn ní ó dára, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé kò tíì dára tó, ó sì ń dùn mí, nítorí pé láti kékeré ni mo ti fẹ́ràn ọkọ̀ yìí.

Ẹ jọ̀wọ́, ṣé bí mo ṣe yà á ni kò tọ́, àbí àwọ̀ rẹ̀? Ẹlòmíràn tún gbà mí nímọ̀ràn pé kí n kọ́kọ́ mọ ọkọ̀ náà nínú Blender, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń mọ nǹkan bí ère tí a lè yí wò níhà gbogbo, kí n wá yà á láti ibẹ̀. Ṣé iṣẹ́ ọwọ́ mi náà ni a óò ṣì máa pè é bí mo bá ṣe bẹ́ẹ̀?

Ojúlarí:

Ẹ kú akitiyan, Oníkálàmù. Mo wo àwòrán tí ẹ gbé wá fínnífínní, ó sì hàn pé ẹ kò fi iṣẹ́ náà ṣeré. Ibi tí ẹ ti ṣe wàhálà jù lọ gan-an ni àléébù rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, ìyẹn àwọn ìlà páànù wọ̀nyẹn. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Láti ṣóńṣó apá Spitfire kan dé ṣóńṣó èkejì jẹ́ mítà 11.23. Bí ó bá gba sẹ̀ǹtímítà 45 lórí bébà yín, a jẹ́ pé ìdá kan nínú 25 ni ẹ yà á. Àlàfo tó wà láàárín páànù méjì lára ọkọ̀ gidi, ká tiẹ̀ ní ó tó mìlímítà 2, yóò di mìlímítà 0.08 lórí bébà, èyí kò sì tó píksẹ́ẹ̀lì kan gbáko. Mo fẹ àwòrán yín lójú, mo ka ìbú ìlà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi ìjókòó awakọ̀: píksẹ́ẹ̀lì 6 ni. Tí a bá dá ìyẹn padà sí ara ọkọ̀ gidi, àlàfo tó lé ní mìlímítà 12 ni, ìka ọmọdé á wọ inú rẹ̀ láìha. Kò sí bí ojú ṣe máa rí ọkọ̀ tó lanu báyẹn tí kò ní kà á sí ohun ìṣeré, bí ẹni tó ń wò ó kò tilẹ̀ lè sọ ohun tó fà á.

Ní tèmi, n kì í fa ìlà rárá ní ìbẹ̀rẹ̀. Mo máa ń jẹ́ kí páànù kan mọ́lẹ̀ ju èkejì lọ ní ìwọ̀nba tín-ín-rín, nítorí pé páànù méjì kì í tẹ́ dọ́gba lára ọkọ̀ tí a fi ìṣó kàn pọ̀, ojú fúnra rẹ̀ yóò sì wá ààlà wọn rí. Ibi tí oòrùn bá ti kan etí páànù nìkan ni mo máa ń fi ìlà píksẹ́ẹ̀lì kan sí, kò sì ní gùn dé òpin. Ẹ tún kan ìṣó sí ibi tí kò sí ìṣó. Ní ọdún 1940, aṣọ ni wọ́n fi bo pátákó ìrù tó ń yí sọ́tùn-ún sósì, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn pátákó kéékèèké etí apá tí awakọ̀ fi ń tẹ ọkọ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Ohun tó yẹ kó hàn níbẹ̀ ni egungun ìhà tó rọra ga lábẹ́ aṣọ, kò gbọdọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ ibi tí ojú wà. Imú ọkọ̀ yín tóbi, ìrù rẹ̀ sì ti kéré jù, bí ẹni pé ẹni tó ń wò ó kò ju mítà 4 lọ sí abẹ̀bẹ̀ iwájú rẹ̀. Kò sí ẹni tó lè wà ní mítà 4 sí iwájú ọkọ̀ tó ń sáré bọ̀ lókè òkun. Ohun ìṣeré orí tábìlì ni a máa ń fi ojú sún mọ́ báyẹn, ojú wa sì ti mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ gbé ojú lọ sí mítà 30 tàbí 40, kí ẹ wá fà á súnmọ́, bí ẹni tó fi ojú kámẹ́rà gígùn ya fọ́tò láti inú ọkọ̀ mìíràn. Ẹ ó rí i pé ìrù yóò tóbi sí i, ara rẹ̀ yóò sì dì. Orí awakọ̀ náà tóbi jù. Ẹ dín in kù, kí ẹ sì rì í wọlé sí i.

Èyí ló mú mi dé orí Blender. Kì í ṣe ẹ̀tàn rárá. Èmi kì í mọ gbogbo ọkọ̀ níbẹ̀. Ara rẹ̀, apá méjèèjì, ìrù, àti imú tó rí ṣóńṣó ti tó. Ohun tí mo ń wá níbẹ̀ ni àwọn ohun tí ọwọ́ mi kì í lè rántí bí ọkọ̀ bá ti tẹ̀: apá Spitfire fi bíi dígírì 6 gbé sókè láti ìdí lọ sí ṣóńṣó, ó sì tún lọ́ díẹ̀díẹ̀, tó fi jẹ́ pé ìdí apá gbé etí iwájú sókè ní dígírì 2, ṣóńṣó rẹ̀ sì tẹ etí náà wálẹ̀ ní ìdajì dígírì. Lílọ́ yẹn ni kì í jẹ́ kí apá náà dà bí pákó tí a gé. Bí ẹ bá ti rí ìrísí náà gbà, ẹ pa Blender dé, kí ẹ mú kálàmù yín.

Ẹ kíyè sí róbótó tí abẹ̀bẹ̀ ń yí sí pẹ̀lú, èyí tó máa ń fún lójú wa bí ọkọ̀ kò bá kọjú sí wa gan-an. Bó ti wù kí ọkọ̀ tẹ̀ tó, ìbú róbótó náà níbi tó ti fún jù gbọ́dọ̀ wà ní ojú ìlà kan pẹ̀lú ọ̀pá tó gbé abẹ̀bẹ̀ dání. Tiyín yà kúrò lójú ìlà yẹn, ìdí nìyí tí imú rẹ̀ fi dà bí èyí tó fẹ́ já bọ́.

Alákọsílẹ̀:

Ojúlarí ti sọ̀rọ̀ lórí ìrísí, ó sì sọ ọ́ dáadáa. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo ní fún yín, Oníkálàmù: ọkọ̀ wo ni ẹ ń yà, ọjọ́ wo sì ni? Ó lé ní 20,000 Spitfire tí wọ́n ṣe. Èyí tó kọ́kọ́ fò ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹta ọdún 1936 àti àwọn tí wọ́n ṣe kẹ́yìn lẹ́yìn ogun, orúkọ nìkan ló kù tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wọ́n pọ̀. Ọkọ̀ kan pàtó ni ẹ gbọ́dọ̀ yà, tí ẹnì kan wà jáde ní òwúrọ̀ tàbí ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Bí ẹ bá ti mú ọ̀kan, ọ̀dà ara rẹ̀, ìbọn rẹ̀, ìdọ̀tí rẹ̀, àti ibi tí oòrùn wà yóò ní ìdí. Àwòrán yín kó ọjọ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ pọ̀ sójú kan, mo sì rò pé ìdí pàtàkì tí kò fi ní ẹ̀mí nìyẹn.

Ọ̀já ìdí ìrù àti imú tí ẹ kùn bẹ́ẹ̀, àwọ̀ tí wọ́n ń pè ní Sky ni, kò sì sí níbẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án. Ìparí oṣù Kọkànlá ọdún 1940 ni wọ́n pàṣẹ pé kí wọ́n máa kùn ún sára àwọn ọkọ̀ tó ń jà lọ́sàn-án. Ìbọn ńlá méjì tó yọ ẹnu jáde láti iwájú apá rẹ̀ náà wá láti ọdún tó tẹ̀ lé e. Ìbọn kéékèèké mẹ́jọ tó fara sin sínú apá ni Spitfire fi jà ní 1940, àfi ìwọ̀nba díẹ̀ tí wọ́n fi dán ìbọn ńlá wò. Ẹ tún fi ẹnu páìpù èéfín mẹ́fà sí ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì, bẹ́ẹ̀ mẹ́ta ni ó máa ń wà ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan nígbà náà. Mẹ́fà yẹn jẹ́ ti irú tí wọ́n pè ní Mark IX, tó dé ní 1942.

Ọ̀kan tún kù tó jọ mí lójú. Ilẹ̀kùn kékeré tí awakọ̀ ń gbà wọlé wà ní ọwọ́ ọ̀tún nínú àwòrán yín, rèdíétọ̀ ńlá abẹ́ apá sì wà ní òsì. Òdìkejì ló yẹ kó jẹ́: ilẹ̀kùn wà ní òsì, rèdíétọ̀ wà lábẹ́ apá ọ̀tún, èyí kékeré tó ń mú epo ẹ́ńjìnnì tutù ló wà lábẹ́ apá òsì. Ọ̀tún àti òsì awakọ̀ ni mo ń sọ o, kì í ṣe tẹni tó ń wò ó níwájú. Ó dà bí ẹni pé fọ́tò tí ẹ wò ni a ti yí sódì bí inú dígí. Èmi kì í fi àwọn àbàwọ́n àwọ̀ ilẹ̀ àti àwọ̀ ewé dúdú tó wà lórí apá mọ̀ ọ́n, torí pé ìlànà méjì ni wọ́n fi ń kùn wọ́n, èkíní sì jẹ́ òdì èkejì. Ilẹ̀kùn àti rèdíétọ̀ kì í purọ́.

Oníkálàmù:

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin méjèèjì. Mo padà lọ wo fọ́tò náà, òótọ́ lẹ sọ. Ojú íntánẹ́ẹ̀tì ni mo ti rí i, ẹni tó gbé e síbẹ̀ ti yí i sódì, ó sì ti gé ibi tí lẹ́tà wà kúrò, n kò sì fura. Mo ti wá mú ọkọ̀ kan báyìí: oṣù Kẹsàn-án 1940, ìrọ̀lẹ́, ó ń padà sílé lẹ́yìn tó ti yin ìbọn. Mo pa ọ̀já ìrù rẹ́, mo dá imú padà sí dúdú, mo sì mú ìbọn ńlá kúrò.

Àwọ̀ ni ó wá kù. Nínú fọ́tò dúdú-òun-funfun tí mo ń lò, òrùka tó yí àmì róbótó ara ọkọ̀ (àmì ọmọ ogun òfurufú Gẹ̀ẹ́sì) ká láti ìta dúdú kirikiri. Mo kun tèmi ní dúdú, ṣùgbọ́n ẹ̀rí ọkàn ń sọ fún mi pé kò rí bẹ́ẹ̀.

Aláwọ̀:

Ẹ̀rí ọkàn yín kò tàn yín. Àwọ̀ ìyeyè ni òrùka yẹn. Irú fíìmù kan tó wọ́pọ̀ nígbà náà kì í rí àwọ̀ pupa, ó sì máa ń sọ àwọ̀ ìyeyè di dúdú, nígbà tí àwọ̀ aró máa ń mọ́lẹ̀ ju bó ti yẹ lọ. Ìdí nìyí tí àárín àmì náà, tó jẹ́ pupa, àti òrùka ìta rẹ̀ fi máa ń dúdú jọra nínú irú fọ́tò bẹ́ẹ̀. Fíìmù mìíràn wà tó ń rí gbogbo àwọ̀, nítorí náà ẹ wo àmì pupa lákọ̀ọ́kọ́: bí ó bá dúdú jìnnà, ẹ má ṣe gba ohun tí fọ́tò yẹn bá sọ nípa àwọ̀ ìyeyè gbọ́. Ẹ rántí pé lórí apá lókè, pupa àti aró nìkan ni àmì náà, kò sí funfun, kò sí ìyeyè, kí ó má bàa tàn sí ojú ọ̀tá láti òkè.

Bí ẹ bá fẹ́ rí bí ọ̀dà ogun ṣe rí lójú oòrùn gidi, ẹ wá àwọn fọ́tò aláwọ̀ tí Alfred T. Palmer yà fún ìjọba Amẹ́ríkà ní ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú ní 1942. Wọ́n wà ní Library of Congress, ilé ìkàwé ńlá ìjọba Amẹ́ríkà, ẹnikẹ́ni ló sì lè lò wọ́n. P-51 Mustang, ọkọ̀ òfurufú ogun Amẹ́ríkà, wà nínú wọn, kì í ṣe Spitfire, ṣùgbọ́n ẹ ó rí i bí ọ̀dà náà ṣe ṣá tó, tí kò dán. Àwọn Spitfire tí wọ́n tún ṣe tó ń fò lónìí ń tàn ju ti ogun lọ, torí àwọn olówó wọn ń nù wọ́n lójoojúmọ́. Mo ti fi ọ̀kan ṣe àpẹẹrẹ rí, gbogbo iṣẹ́ náà sì dà bí mọ́tò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Ẹ lọ wo ọkọ̀ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé fún ìrísí. Fún ọ̀dà, fọ́tò ìgbà náà ni kí ẹ gbára lé.

Inú mi dùn pé ẹ ní ó ti yin ìbọn, torí ìyẹn fún yín ní ohun kan tó rẹwà láti yà. Àwọn tó ń tọ́jú ọkọ̀ máa ń fi aṣọ pupa pélébé lẹ ẹnu ihò ìbọn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ létí apá, kí ìdọ̀tí má bàa wọlé, kí ìbọn má sì dì nínú òtútù òkè. Ìbọn àkọ́kọ́ á ya aṣọ náà. Nítorí náà, ọkọ̀ tó ń lọ sójú ìjà ní pupa mẹ́jọ létí apá, èyí tó ń padà bọ̀ ní ihò dúdú, pẹ̀lú ìrépé aṣọ tó ya létí rẹ̀ àti èéfín ìbọn tó fà sẹ́yìn lábẹ́ apá. Ẹni tó mọ̀ á ti ka gbogbo ìtàn yẹn kó tó wo ohunkóhun mìíràn.

Ìmọ́lẹ̀ Ìrọ̀lẹ́:

Ẹ jẹ́ kí n ta ko Aláwọ̀ díẹ̀ kí Oníkálàmù tó sá lọ kó ìdọ̀tí bo ọkọ̀ náà. Ọkọ̀ tó jà nínú oṣù yẹn kì í pẹ́ láyé. Ọ̀pọ̀ wọn kò rí oṣù mélòó kan kí wọ́n tó já tàbí kí wọ́n tó gbé wọn lọ fún àtúnṣe. Ọ̀dà tó ṣí káàkiri, tí irin funfun ń yọ níbi gbogbo, kò bá irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ mu. Ẹ fi àbàwọ́n sí ibi tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ń kàn: ìdí apá òsì, níbi tí awakọ̀ ń gùn wọlé láti ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, etí ìdérí ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ń ṣí lójoojúmọ́, àti ẹ̀yìn páìpù èéfín, tí ojú rẹ̀ pọ́n bí eérú tó dà pọ̀ mọ́ amọ̀. Ìdí apá ọ̀tún á mọ́ ju ti òsì lọ. Ìyàtọ̀ kékeré yẹn máa ń mú kí n gba àwòrán gbọ́ ju ọgọ́rùn-ún ibi tí ọ̀dà ti ṣí lọ.

Ìlà funfun méjì ẹ̀yìn ọkọ̀ gbọ́dọ̀ kúrò. Omi inú èéfín ẹ́ńjìnnì ló ń dì sínú afẹ́fẹ́ tó tutù gan-an, ibi tó ga ju mítà 8,000 lọ la sì sábà máa ń rí i. Ẹ̀yin fò ní ibi tí a ti lè ka ìgbì òkun. Ní ibi tí ẹ wà yẹn, òkun ni kí ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́. Oòrùn ìrọ̀lẹ́ á kan ẹ̀gbẹ́ kan ọkọ̀ pẹ̀lú ìmọ́lẹ̀ tó pọ́n, òjìji òkè apá á gba àwọ̀ aró láti sánmà, abẹ́ apá náà kò sì ní dúdú bí ẹ ti kùn ún, torí pé omi ń ta ìmọ́lẹ̀ padà sókè. Mo máa ń gba abẹ́ ọkọ̀ sí ojú ìpele tirẹ̀ (abala àwòrán tí a lè kùn lọ́tọ̀ láìkan ìyókù), mo sì máa ń fi búrọ́ọ̀ṣì tó rọ̀, tó tóbi, gbé àwọ̀ omi sí i lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí ẹ bá padà sí i lẹ́ẹ̀mẹ́ta, á di ẹrẹ̀.

Oníkálàmù:

Mo ti lo ọjọ́ mẹ́rin lórí ohun gbogbo tí ẹ sọ. Mo pa gbogbo ìpele ìlà páànù rẹ́, ọkàn mi sì fẹ́rẹ̀ẹ́ já nígbà tí mo ṣe é. Mo mọ ìrísí rẹ̀ nínú Blender, mo gbé kámẹ́rà sí mítà 35, mo sì yà á láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo kun abẹ́ apá pẹ̀lú àwọ̀ òkun, tí mo sì fi ìrépé aṣọ pupa kan ṣoṣo sí etí ihò ìbọn kẹta, mo dìde kúrò lórí àga. Ọkọ̀ náà wúwo, ó sì ń bọ̀.

Abẹ̀bẹ̀ nìkan ló kù. Mo fẹ́ kí ó dà bí ohun tó ń yí, ṣùgbọ́n n kò mọ ibi tí ó yẹ kó yí sí.

Ojúlarí:

Inú mi dùn gan-an, mo sì rí i pé ẹ ti tún ojú ìlà ọ̀pá rẹ̀ ṣe. Ẹ jẹ́ kí abẹ̀bẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta parẹ́ sínú ara wọn bí èéfín dúdú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí a ń rí sánmà láti ẹ̀yìn rẹ̀, kí ó nípọn díẹ̀ nítòsí imú, kí ó sì fúyẹ́ bí ó ti ń lọ sí etí. Ìyeyè ni wọ́n kun ṣóńṣó abẹ̀bẹ̀ kọ̀ọ̀kan, nítorí náà òrùka ìyeyè kan tó tín-ín-rín gbọ́dọ̀ yí etí róbótó náà ká. Ẹ jẹ́ kó hàn díẹ̀ níbi tí òkun ti ṣókùnkùn lẹ́yìn rẹ̀, kí ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́ níbi tí sánmà ti mọ́lẹ̀.

Ní ti ibi tó ń yí sí, ẹ́ńjìnnì Merlin ló wà nínú ọkọ̀ ọdún 1940, tòun sì ń yí bí ọwọ́ aago bí awakọ̀ ṣe ń wò ó láti ẹ̀yìn. Níwọ̀n bí tiyín ti kọjú sí ẹni tó ń wò ó, òdì ọwọ́ aago ni kí ẹ fà á sí. Àwọn Spitfire tó lo ẹ́ńjìnnì Griffon lẹ́yìn náà ló yí sí òdìkejì, nítorí náà bí ẹ bá ń wo fọ́tò, ẹ ka abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ kí ẹ tó tẹ̀lé e: bí ẹ bá rí márùn-ún, Griffon ni.